Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ará Ìlú àti Àbójútó Ìjọba ní Abẹ́òkúta, 1830 sí 1950

Mo júbà àwọn àgbà tí ó ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú mi. Àwọn ni wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti àwo.

1. Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà ní ìpàdé kan ní gbọ̀ngàn ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Yorùbá. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Àwọn tí ó ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀ jókòó sókè, àwọn ará ìlú jókòó sísàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ààbò ọjà, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta ata dìde, ó sì béèrè ohun méjì. Ó ní: ‘Owó ọdẹ tí a ń dá lóṣooṣù, èló ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, níbo ni ó sì wà? Ní òru ọjọ́ tí olè fọ́ ìsọ̀ wa, ọdẹ wo ni iṣẹ́ kàn?’ Ẹni tí ó wà lórí àga dá a lóhùn pé: ‘Ìyá, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ìṣirò owó kọjá ti aláta.’ Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó. Ìpàdé sì ń bá a lọ.

Ẹ̀rín yẹn kò kúrò ní etí mi. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbéèrè méjèèjì tí ìyá náà béèrè ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba ìlú: níbo ni owó wà, ta sì ni ó ń ṣọ́ wa? Ẹni tí ó bá lè béèrè wọn kí ó sì gba ìdáhùn ni ó jẹ́ ọmọ ìlú ní tòótọ́. Ẹni tí a bá fi ẹ̀rín dá padà ń gbé inú ìlú ni, ìlú kò sì tíì jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni láti tọ ìbéèrè méjèèjì yìí lẹ́yìn nínú ìtàn ìlú kan, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1830 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó títí di ọdún 1950. Mo yan Abẹ́òkúta nítorí pé ìtàn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa lọ, àti nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti béèrè jùlọ, tí wọ́n sì ti san owó ìbéèrè wọn jùlọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó-orí àti ọlọ́pàá, ìdáhùn mi kò gùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu, orin, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ìròyìn ni ohun ìjà tí ará ìlú fi bá aláṣẹ wọn wí nínú ìtàn yìí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ohun ìjà, iṣẹ́ tèmi náà dé ibẹ̀.

2. Ìlú tí ìwá-ààbò bí

Kì í ṣe ọjà ni ó kọ́kọ́ kó àwọn Ẹ̀gbá jọ sí abẹ́ Olúmọ, ẹ̀rù ni. Ogun tí ó jà ní igbó Ẹ̀gbá láàárín ọdún 1820 sí 1830 ti tú ìlú wọn ká. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ àpáta náà ní ọdún 1830, ibi ìsádi ni wọ́n ń wá, orúkọ ìlú náà sì ń jẹ́rìí sí i: abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí. Àwọn Òwu wá darapọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlù wọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 1851, ara odi yìí ni wọ́n ti lé wọn padà, wọ́n sì tún lé wọn padà ní ọdún 1864.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn náà ti para pọ̀ sí inú odi kan ṣoṣo, wọn kò para pọ̀ sí abẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ogun tú ni ó gbé ìjọba tirẹ̀ wá. Sàbúrì Bíòbákú, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1957 lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn, fi hàn bí ètò náà ti rí. Ògbóni ni ó ń ṣe òfin tí ó sì ń dá ẹjọ́. Olórógun ni ó ń mójú tó ogun. Pàràkòyí ni ó ń ṣe àkóso òwò. Àwọn Ọdẹ ni ojú ìlú nínú igbó àti ní òru. Kò sí ẹnìkan tí ó di gbogbo rẹ̀ mú. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké ní Abẹ́òkúta, Aláké náà kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan sọ òfin kí ó fi ìdí múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ètò yìí túmọ̀ sí fún ìbéèrè wa. Ẹni tí ó ń gba owó ní ibodè kọ́ ni ó ń dá ẹjọ́. Ẹni tí ó ń dá ẹjọ́ kọ́ ni ó ń ṣíwájú ogun. Ẹni tí ó ń ṣọ́ òru, ọmọ àdúgbò ni, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ wà nínú ilé tí ó ń ṣọ́. Bí ẹ̀ka kan bá ṣe àṣejù, ẹ̀ka mìíràn yóò bá a wí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìlú yìí sì ní ojú púpọ̀.

N kò sọ èyí kí a lè máa ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ dára tán. Ojú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ojú kò rí. Ẹrú kò ní ohùn, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n pọ̀ nínú ìlú. Bí Orò bá jáde, inú ilé ni obìnrin wà, ọ̀pọ̀ ìpinnu tí ó kan ìlú ni wọ́n sì ń ṣe nígbà tí obìnrin wà nínú ilé. Àpẹẹrẹ kan yóò tó. Ẹfúnróyè Tinúbú wà lára àwọn tí ó pèsè ẹ̀tù àti ohun ìjà nígbà tí Dàhòmì ń bọ̀, nítorí èyí ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Obìnrin náà ra ààbò fún ìlú. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹrú, ó tún ń fi wọ́n ṣòwò. Nínú ìtàn ẹnìkan yìí, a rí i pé ẹni tí ìlú gbójú lé fún ààbò lè jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn ń wá ààbò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn tí ó bá fi èyí pamọ́ kì í ṣe ìtàn, oríkì ni.

3. Ìjẹmọ̀, 1914

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Ẹ̀gbá fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró. Ní ọdún 1898, wọ́n dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, Aláké sì ni olórí rẹ̀. Ìjọba yìí ní ilé ìṣúra, ó ní ilé ẹjọ́, ó ní ọlọ́pàá, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì ní akọ̀wé tí gbogbo ìwé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láti ọdún 1902, Adégbóyèga Ẹ̀dun ni akọ̀wé náà. Ọ̀mọ̀wé ni, ọmọ Yorùbá ni, iṣẹ́ tí ìjọba náà sì ṣe kò kéré: wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ṣe ètò ìṣirò owó, àwọn ará Èkó sì ń fi Abẹ́òkúta yangàn pé ènìyàn dúdú lè ṣe ìjọba ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ètò tuntun yìí ti ń dára nínú ìwé, ojú tí ó wà lára alákàn ń dínkù. Ohun tí ẹ̀ka mẹ́rin ń pín ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó wà lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn Ògbóni ìletò kọ̀ọ̀kan, tí ẹnu wọn ká ìlú tẹ́lẹ̀, kò mọ ohun tí ó wà nínú ìwé akọ̀wé, nítorí pé èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí rí ìjọba náà ní ọ̀nà méjì péré: ẹni tí ó wá pè wọ́n síṣẹ́ ọ̀nà láìsan owó, àti ẹni tí ó wá mú wọn bí wọn kò bá lọ.

Ní ọdún 1914, wọ́n mú àgbàlagbà kan ní Ìjẹmọ̀, Ṣóbìyí Pọ́nládé, lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà. Arúgbó náà kú lẹ́yìn ìyà tí ó jẹ ní àhámọ́. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ kò gbà pé kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí ó pa bàbá wọn, wọ́n sì ní kí a yọ akọ̀wé kúrò lórí ipò. Ní èdè tí a ń lò lónìí, ẹni tí ó kú sí àhámọ́ ìjọba ni wọ́n ń béèrè pé kí a ṣe ìwádìí ikú rẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí ó tọ́ sí ará ìlú ju èyí lọ. Bí àwọn tí a fi ṣọ́ wa bá lè pa wá láìsí ìdáhùn, a kúkú lè yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ilé kí a mọ̀ pé inú igbó ni a wà.

Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni ìbọn. Ìjọba ìlú ké sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sójà sì dé. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, wọ́n yìnbọn lu àwọn ènìyàn ní Ìjẹmọ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 30, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà nínú wọn. Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí náà ojú ayé kò sí lára Ìjẹmọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fa ìwé àdéhùn 1893 ya, òmìnira Ẹ̀gbá sì parí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ pé Lugard ni ó gba òmìnira Ẹ̀gbá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé, inú ni wọ́n ti ṣí i. Ìjọba tí kò lè dáhùn ìbéèrè ará ìlú tirẹ̀, tí ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó lágbára jù ú lọ kí ó wá bá òun pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ti ta ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

4. Láti owó ibodè sí owó-orí

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1918, wọ́n mú owó-orí wọ Abẹ́òkúta. Títí di ìgbà náà, owó ibodè ni ó ń bọ́ ìjọba jùlọ. Owó ibodè ń dun àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọjá ní ibodè kò san án. Owó-orí yàtọ̀. Orí ni ó ń wá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi orí rẹ̀ sílé. Bí a bá tún rántí pé ní èdè wa orí kì í ṣe agbárí nìkan, pé àyànmọ́ ẹni ni, a ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi korò ní etí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ogun bẹ́, èyí tí a ń pè ní Ogun Adùbí. Àwọn ará oko hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Sójà tẹ ogun náà rì, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ipò akọ̀wé sì bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀dun ní ọdún yẹn. Ohun tí àwọn ará Ìjẹmọ̀ fi ẹnu béèrè ní 1914 tí wọn kò rí gbà, ẹ̀mí àìmọye ni ó rà á ní 1918.

Ètò tí ó tẹ̀lé e kò mú ojú padà sára alákàn. Abẹ́ òfin ìjọba amúnisìn, Aláké nìkan ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí Aláṣẹ Ìbílẹ̀. Adémọ́lá Kejì, tí ó gorí oyè ní ọdún 1920, ni ó bá ètò yìí pàdé jùlọ. Kì í ṣe pé ọba náà jẹ́ òṣìkà ní ìdá. Ètò tí a fi í sí ni ó burú. Ní ayé àtijọ́, bí ọba bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, àwọn tí ó yí i ká ni yóò bá a wí. Nísinsìnyí, ajẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè bá a wí, ohun tí ajẹ́lẹ̀ sì ń béèrè ni pé kí owó-orí pé. Ìdáhùn ìjọba kò lọ sí ìsàlẹ̀ mọ́, òkè ni ó ń lọ. Akódà tí ń ṣọ́ ààfin àti wolé-wolé tí ń yẹ àmù wò kì í ṣe ọmọ àdúgbò tí àdúgbò fi ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ojú òkè ni wọ́n jẹ́ nínú ilé ará ìlú.

5. Àwọn obìnrin béèrè ìṣirò

Ní Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú, yàtọ̀ sí apá Ọ̀yọ́, obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí san án ní ọmọ ọdún 15, ṣáájú ọmọkùnrin. Nígbà mìíràn àwọn agbowó-orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bí ó bá ti dàgbà tó. Mo sọ èyí ní ṣókí nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ààbò ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wá gba owó ni ó ń dójú ti ọmọ. Ẹni tí ìyá ọmọ ìbá sì lọ fi ẹjọ́ sùn ni ó rán an.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Ní ìgbà yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí ẹgbẹ́ tí ó ń darí jẹ́ ti àwọn ìyá ọ̀làjú onígbàgbọ́, fi etí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìmọ̀wé tí ó wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kò rí ìdáhùn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì sì dáwọ́ dúró ní ọdún 1945. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà sì wọ inú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí ìgbésẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ nínú gbogbo ìtàn náà: ẹni tí ó lè kà á àti ẹni tí ó ń ru ẹrù rẹ̀ jókòó sórí ẹní kan.

Ohun tí wọ́n béèrè yẹ kí a kà dáadáa, nítorí pé àwọn kan ti sọ ìtàn náà di pé obìnrin kò fẹ́ san owó-orí, ó tán. Wọ́n ní kí a yẹ ìwé owó Aláké wò ní gbangba. Wọ́n ní kí a mú owó-orí kúrò lórí obìnrin, kí a sì bu owó lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń kó èrè lọ. Wọ́n ní kí a ná owó ìlú sórí ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí ìjọba ẹnìkan parí, kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè méjì ìyá aláta ni: níbo ni owó wà, ta sì ni ó ń ṣọ́ wa?

Wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ béèrè, kò gbọ́. Ní ọdún 1947, Ransome-Kútì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìyà àwọn obìnrin náà sínú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn obìnrin tí ó tó 10,000 ya bo ààfin ní Aké, wọ́n sì sun ibẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n padà wá, wọn kò sì kúrò títí di ọjọ́ 10, nígbà tí wọ́n dá àwọn obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé nítorí owó-orí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní àwọn kò wọ́de, ìnàjú ni àwọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọlọ́pàá lè yin tajútajú, wọ́n kọ́ ara wọn bí a ti ń bo imú àti ojú, àti bí a ti ń ju agolo rẹ̀ padà. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní Abẹ́òkúta tí ìwá-ààbò bí, ọlọ́pàá ìlú ni àwọn ìyá ń kọ́ bí a ti ń dáàbò bo ara ẹni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1948, owó-orí obìnrin kúrò nílẹ̀. Àwọn Ògbóni náà kẹ̀yìn sí ọba. Ní oṣù Keje Aláké fi ìlú sílẹ̀, ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 1949 ó kọ̀wé sílẹ̀ pé òun kò jọba mọ́, wọ́n sì fi obìnrin sí inú ìgbìmọ̀ tí ó rọ́pò ìjọba ẹnìkan. Kò sí ìbọn tí wọ́n yìn, kò sì sí irin rélùwéè tí wọ́n hú. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ Ìjẹmọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ Adùbí kò lè ṣe, ìjókòó àti orin ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀, ẹni tí ó bá parí rẹ̀ síbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, Adémọ́lá padà sórí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní ọdún 1962. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìjákulẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìkìlọ̀ ni. Ìlú lè yọ ẹnìkan ní ọjọ́ kan. Ojú tí yóò máa ṣọ́ ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń là á.

6. Orin gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣirò

Mo ṣe ìlérí láti sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀. Àwọn orin tí àwọn obìnrin náà kọ ní iwájú ààfin pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì wà lákọsílẹ̀. Èébú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kò ṣeé kọ ní gbọ̀ngàn bí èyí. Àwọn tí ó gbọ́ wọn nígbà náà rò pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. N kò gbà. Òwe ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òṣèré a máa dúró ní gbangba, a máa sọ ìwà ẹni tí kò ṣeé bá wí ní ọ̀sán. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn fún ará ìlú ní ẹnu tí wọn kò ní ní ọjọ́ mìíràn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí kò bá ní ọjọ́ kan tí a lè sọ òtítọ́ sójú alágbára yóò sọ ọ́ ní ọjọ́ tí kò sí nínú ètò, pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn obìnrin 1947 ṣe ni pé wọ́n mú àṣà yìí kúrò lójú agbo ọdún, wọ́n gbé e wá sórí ọ̀rọ̀ ìṣúná. Orin ní ipá tí ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ní: ẹnìkan ni ó ń fi ọwọ́ sí ìwé, a sì lè mú un, ègbè orin kò ní ẹnìkan tí ó ni ín. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sì ní ipá tí orin kò ní: a lè fi í ránṣẹ́ sí ibi tí ohùn kò dé, iye owó sì ń dúró nínú rẹ̀ láìyí padà. Àwọn obìnrin náà kò yan ọ̀kan. Wọ́n fi orin dé ìta ààfin, wọ́n fi ìwé dé Lọ́ńdọ̀nù. Abẹ́òkúta náà ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa ti jáde ní ọdún 1859, nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà tí ìyá rẹ̀ sì wà nínú ìjà náà, gbé ìtàn rẹ̀ wọ inú Aké, ìwé tí ó kọ ní ọdún 1981. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìjọba rò pé ariwo ọjà ni ṣe di lítíréṣọ̀ tí gbogbo ayé ń kà.

7. Ìgúnlẹ̀

Kí ni a rí kọ́? Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀.

Èkíní, owó àti ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ìjọba tí kò bá jẹ́ kí a rí ìwé owó rẹ̀ yóò nílò ọlọ́pàá láti dí ojú àwọn tí ó fẹ́ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1914, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1947.

Èkejì, ìṣirò tí a kò ṣe ní èdè ará ìlú kò tíì di ìṣirò. Ìwé akọ̀wé Ẹ̀gbá lè pé pérépéré. Àwọn tí ó san owó náà kò lè kà á. Ìyá tí ó ń ta ata lè ṣírò owó ìsúsú ogún ènìyàn lórí láìsí bébà. Kì í ṣe òye ni kò ní, ìwé ni a kò fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ń ṣọ́ ìlú gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn fún ìlú. Ní ọdún 2020, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, inú wa sì dùn pé ọmọ ilẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n akódà náà ọmọ ilẹ̀ ni. Kì í ṣe ibi tí a bí olùṣọ́ sí ni ó ń mú un jẹ́ olùṣọ́ rere, bí kò ṣe ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè. Bákan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró mọ́. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ yìí ń kì wá nílọ̀ pé owó lè sọ̀kalẹ̀ dé ìlú kí ó má dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Ìdájọ́ lè sọ ibi tí owó yóò gbà. Kò lè bá wa jókòó ní ìpàdé.

Nítorí náà ni mo ṣe padà sí gbọ̀ngàn ìlú kékeré yẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, wọ́n fún mi ní àga níwájú, mo mọ ìtàn Ìjẹmọ̀ àti ìtàn Aké bí mo ti mọ orúkọ mi. N kò dìde. Mo rò pé àlejò ni mí, mo sì jẹ́ kí ìyá náà jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà ní ìpàdé, orí ìyá àgbà wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgboyà ìyá aláta ni ó kù díẹ̀ káàtó ní àwọn ìlú wa. Àwọn tí ó mọ̀wé, tí ó yẹ kí ó dìde tẹ̀ lé e kí wọ́n sọ pé, ‘Ìbéèrè ìyá yìí ni ìbéèrè wa, ẹ dá a lóhùn,’ àwọn ni kò dìde. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọ̀mọ̀wé obìnrin àti obìnrin ọjà dìde pọ̀, ìjọba ẹnìkan wó. Bí ẹ bá padà dé ilé, tí ẹ sì gbọ́ pé wọ́n pe ìpàdé ní ìlú yín, ẹ lọ. Bí ẹnìkan bá béèrè ibi tí owó wà tí wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.